Oyin Ẹ̀bẹ̀

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ni Agbẹnusọ wí láti ara ògiri. "Mi ò gbọ́ òórùn ọmọ mi. Òǹgbẹ kò gbẹ mí."

Ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu, nítorí òfin ìlú Adágúnlá kò gbà kí ohùn irin máa ròyìn ìyà tó ń jẹ ohun ẹlẹ́mìí. Òkété tó ń gbẹnu sọ fún wà nínú àgò gíláàsì, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa. Ọmọ rẹ̀ ń rá wọ abẹ́ ikùn rẹ̀ láti wá ọmú, ìyá ń fi imú tì í kúrò bí ẹni pé ọmọ ará ibòmíràn ló ṣìnà wọlé.

Orí ìkúnlẹ̀ ni Dókítà Rẹ̀mílẹ́kún ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyẹn náà, òfin ni. Ẹni tó bá ń fi májèlé dán ẹranko wò kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ lówùúrọ̀ títí yóò fi kúnlẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ gbogbo wọn tán. Àwọn ará ijọ́un tó kọ́ iléeṣẹ́ yí adágún ká kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n da oró sómi, wọ́n kó èrè lọ, wọ́n fi adágún tó ń yọ̀ bí epo ọkọ̀ jogún fún ọmọ ọmọ wọn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi nǹkan dán ẹranko wò, tí ẹranko kú, wọn a ní ẹranko kì í ṣe ènìyàn. Ìtìjú ohun tí wọ́n ṣe ni ìlú fi ń ṣòfin títí di òní.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, Rẹ̀mílẹ́kún ti ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ bọ abọ́ oyin, ó nà án gba ojú ihò àgò.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ọmọ abìrù funfun lórí, ọmọ agbẹ́lẹ̀-má-lo-ọkọ́. Má bínú sí wa. Ìwọ lo mu ún kí àwa má baà mu ún. Má bínú."

Òkété náà lá ìka rẹ̀ tónítóní.

"Inú mi dùn," ni Agbẹnusọ wí.

Ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún ń dúró dè láràárọ̀ nìyẹn. Bí kò bá gbọ́ ọ, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ti oyin yìí kò sí nínú òfin. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Dókítà ń fi oyin tan eku. Nígbà tó yá, àwọn kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú bí wọ́n bá ń wò ó. Ìgbìmọ̀ Omi fi í joyè Ìyá Ẹ̀bẹ̀, wọ́n ya ìka rẹ̀ àti ahọ́n òkété sára ògiri ibodè omi, àwòrán náà ga ju ilé lọ. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, oyè náà wù ú. Ó máa ń gba iwájú àwòrán yẹn lọ sílé nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìn ló yá.

Ṣùbúọlá, dókítà kejì tí wọ́n jọ ń ṣe ìdánwò náà, jáde láti yàrá ọ̀tún, ó ń nu oyin kúrò ní ìka tirẹ̀.

"Báwo ni ti ọ̀tún?" Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

"Bákan náà ni, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ń gbọ̀n, àwọn ìyá ò mọ ọmọ wọn. Kò ju ti òsì tó ń mu omi adágún lọ, kò sì dín." Ṣùbúọlá mi orí. "Ó máa ń yà mí lẹ́nu. Omi òjò nìkan ni àwọn tọ̀tún ń mu látìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Wọn ò mọ bí omi adágún ṣe rí. Wọ́n sì ń gbọ̀n."

"Ìdí tí a fi mọ̀ pé kì í ṣe omi ló ń ṣe wọ́n nìyẹn. Ìran wọn ló ń gbọ̀n."

"Ohun tí a sọ fún Ìgbìmọ̀ náà nìyẹn," ni Ṣùbúọlá dáhùn.

Ahọ́n Agbẹnusọ, àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kán omi sí kí ẹ̀rọ lè tọ́ ọ wò, ti sọ tipẹ́ pé oró díẹ̀ ṣì kù nínú adágún lẹ́yìn gbogbo sísẹ́. Ohun tí ìlú ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá díẹ̀ yẹn ń pani lára. Ìdánwò ti dáhùn pé rárá. Òní ni Ọjọ́ Àmuṣàájú, ọjọ́ tí ẹni tó sọ pé omi dára yóò kọ́kọ́ mu ún níṣojú gbogbo ìlú. Bó bá ti gbé ife kalẹ̀, ibodè á ṣí, adágún á sì ṣàn wọ ilé olúkúlùkù. Ìdí nìyẹn tí aṣọ funfun fi wà lọ́rùn Rẹ̀mílẹ́kún láti ìdájí, tí àwọn ènìyàn sì ti tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ láti ibodè títí dé ìta ọjà. Ẹ̀gbà tó ń ka ìpín omi ti pọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn, èyí ni pé wọ́n ti mu ìpín tòní tán kí oòrùn tó ràn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin abẹ̀bẹ̀," ni ẹnìkan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Akínlàbí ni, bàbá tó bí Rẹ̀mílẹ́kún, àgbàlagbà pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń sin oyin létí adágún. Ó gbé ìṣà oyin tuntun mọ́yà. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tòní rèé, mo wá mu ọmú. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi mí sí lórí pèpéle, àga mi tún ní tìmùtìmù."

Ṣùbúọlá rẹ́rìn-ín. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í da oyin sínú abọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, oyin ṣàn sórí tábìlì.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dà á, Bàbá."

"Fi mí sílẹ̀. Ọjọ́ orí ni. Ìgbà tí mo gbé ọ pọ̀n, ọwọ́ yìí kò gbọ̀n."

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni òórùn burúkú gba inú yàrá. Aṣọ ìnutábìlì ti bọ́ sórí ẹ̀rọ gbígbóná tí wọ́n fi ń bọ abẹ́rẹ́, ó ti ń di eérú. Ṣùbúọlá sáré lọ fà á kúrò, ó ń wúkọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an ni Bàbá dúró sí, ó sì ń da oyin rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ò gbóòórùn ni?"

"Ṣé nǹkan ń jóná ni?" Ó wẹ̀yìn, ó rí èéfín, ó bú sẹ́rìn-ín. "Imú mi ti fẹ̀yìn tì, ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wo ọmọ tuntun tí wọ́n bí sí ojúlé wa. Gbogbo obìnrin ilé ń gbé e sí imú, wọ́n ní ó ń ta sánsán. Wọ́n gbé e fún èmi náà, mo fà, mo fà, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn ní ó dára ni."

Rẹ̀mílẹ́kún gbé aṣọ mìíràn tó fi ń nu tábìlì kalẹ̀.

"Bàbá, omi wo lẹ ń mu?"

"Omi òjò ni. Ṣé kì í ṣe ìwọ náà lo bẹ̀ mí pé n ò gbọdọ̀ fẹnu kan ti adágún?"

"Ẹja ńkọ́?"

"Ìyá rẹ ló mọ ẹja sè. Látìgbà tó ti lọ, n ò jẹ ẹja mọ́."

"Kí wá lẹ máa ń jẹ?"

"Irú ìbéèrè wo nìyí? Ẹ̀kọ àti oyin. Oyin ló gbé mi dé ibi tí mo dé." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ n lọ jókòó o, kí ẹlòmíràn má baà gba tìmùtìmù mi."

Ó jáde. Rẹ̀mílẹ́kún dúró wo abọ́ náà títí. Ó fẹ́ kí ohun tó wà lọ́kàn òun jẹ́ àṣìrò. Lẹ́yìn náà ló fi ṣíbí kékeré bu oyin, ó kán an sórí ahọ́n Agbẹnusọ.

Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ta ní í gbé ẹ̀bùn bàbá ẹni lọ fún ẹ̀rọ tọ́ wò? Wọ́n ti fi ahọ́n yẹn tọ́ omi wò, wọ́n tọ́ àgbàdo òkété wò, wọ́n tọ́ koríko abẹ́ wọn wò. Oyin Bàbá nìkan ló ń kọjá láìsí ìbéèrè, nítorí pé ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ti pe Bàbá ní olóró.

"Májèlé iléeṣẹ́," ni ohùn jẹ́jẹ́ náà wí. "Irú ti adágún. Ó pọ̀ ju ti adágún lọ."

"Ẹ nù ún, ẹ tún un ṣe," ni Ṣùbúọlá sọ kíákíá.

Wọ́n nù ún. Wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀rọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láìyí ohùn padà.

Ṣùbúọlá rọra jókòó sórí àpótí. "Òdòdó," ó ní.

Kò pọn dandan kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ tí wọ́n wà kúrò nísàlẹ̀ adágún, etídò ni wọ́n kó o jọ sí, wọ́n sì gbin òdòdó oòrùn sórí rẹ̀ lọ ṣúà, kí gbòǹgbò wọn lè máa fa oró jáde. Àwọn òdòdó náà ṣiṣẹ́ wọn bí iṣẹ́. Wọ́n fa oró láti inú ẹrẹ̀ wá sí orí, oyin bà lé wọn, ó gbé e lọ sílé Bàbá Akínlàbí, Bàbá gbé e wá fún ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì fi ìka ara rẹ̀ bọ́ àwọn òkété. Ó bọ́ ti òsì. Ó ní kí Ṣùbúọlá bọ́ ti ọ̀tún. Àwọn tọ̀tún tó yẹ kó wà ní mímọ́, kí wọ́n lè fi wọ́n mọ ohun tí adágún ń ṣe, àwọn náà ń lá oró láràárọ̀. Báwo ni wọn kò ṣe ní rí bákan náà?

"Mo ní ká má fún àwọn tọ̀tún nígbà yẹn," ni Ṣùbúọlá wí, kò wo ojú rẹ̀. "Mo ní ká jẹ́ kí wọ́n wà lọ́tọ̀ pátápátá. Ẹ ò gbà."

Rẹ̀mílẹ́kún rántí. Ó tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìwàásù níwájú Ìgbìmọ̀: ta ni í fi oyin sẹ́nu ọmọ ìyálé, kó máa wo ọmọ ìyàwó lójú? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ilé fi mì. Ojú rẹ̀ ń ta á bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ìdánwò ti bàjẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n á fi oorun pa wọ́n. Gbogbo wọn."

"Mo ní mo mọ̀, Ṣùbúọlá."

Òfin kò fún ẹranko ní ìdánwò méjì. Bí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá bàjẹ́, oorun àìjí ni wọn yóò fún un kí oòrùn tó wọ̀, wọn á sì wá òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ibodè á wà ní títì, ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn á bá ìlú lórí ìpín omi òjò. Wọ́n á sì pa àwòrán ìka yẹn rẹ́ lára ògiri. Ó tì í lójú pé ìyẹn náà wọ inú ìṣirò rẹ̀, àní ó ṣáájú nínú ìṣirò náà.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Ládẹ̀jọbí ni, olórí Ìgbìmọ̀ Omi, ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn lójú rẹ̀.

"Dókítà, oòrùn ti ń mú àwọn èèyàn. A ti ṣe tán."

"Bàbá," Rẹ̀mílẹ́kún bẹ̀rẹ̀, "bí a bá ní ká sún un síwájú díẹ̀..."

"Ká sún kí ni? Ọmọ mi, yọjú wò wọ́n. Àwọn aláboyún wà lórí ìlà. Bí ẹ̀rù omi bá ń bà ọ́, èmi náà á mu tèmi tẹ̀ lé ọ."

Ọ̀rọ̀ wá sí i lẹ́nu, ó sì gbé e mì. Ó rò ó pé ife kan péré kò lè pani. Bí òun bá mu ún lónìí, tí gbogbo rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, òun lè wá ẹ̀tàn kan ti ibodè padà lọ́la, kí òun lọ bá Bàbá nílé, kí àwọn jọ sun ilé oyin náà níná láìsí ẹni tó máa bi wọ́n léèrè. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ni àwọn àgbà wí. Wọn kò sọ fún wa ikú ta ni.

"Mò ń bọ̀, Bàbá," ó ní. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ó yíjú sí Ṣùbúọlá. "Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ṣùbúọlá ń ká aṣọ jíjóná náà, ó ń ká a bí ẹni pé ó tún wúlò.

Abẹ́ àwòrán ìka náà ni wọ́n tẹ́ pèpéle sí. Rẹ̀mílẹ́kún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ lórí àga onítìmùtìmù, ó kúnlẹ̀ kí i, Bàbá gbá a léjìká pẹ́pẹ́. Etí Bàbá wà nítòsí ẹnu rẹ̀ nígbà yẹn. Ó dìde, ó lọ síbi ife.

"Ṣé ẹranko mu ún?" Ládẹ̀jọbí béèrè bí òfin ti ní kó béèrè.

"Wọ́n mu ún."

"Ṣé o gbọ́ ẹjọ́ wọn lórí ìkúnlẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé ìyà kankan jẹ wọ́n tí omi yìí fà?"

Ife gíláàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, kò sí ojú tó lè rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó la ẹnu. Rárá ni òfin ń retí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì lè pè é jáde. Ó ń wo ife, ife ń wò ó. Àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Bàbá Akínlàbí dìde lórí àga. Ohun tó rò ni pé ẹ̀rù ń ba ọmọ òun. Ó gbé ìṣà oyin kékeré kan jáde lábẹ́ agbádá, èyí tó mú wá láti fi bá a yọ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó rìn lọ bá a.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ọmọ yìí ti bẹ òkété títí. Ta ló ti bẹ òun náà?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka sókè sí ẹnu rẹ̀, ìka náà ń gbọ̀n. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ akóyin-kóyin-má-ta-á. Ọmọ a-wọgbó-tadùn-tadùn-jáde. Àbẹ̀kẹ́ mi, má bẹ̀rù. Ìwọ lo fẹ́ mu ún kí àwa tó mu ún. Má bínú sí wa."

Àwọn obìnrin ti ń nu ojú. Rẹ̀mílẹ́kún yí ẹnu kúrò.

"Ojú ń tì í," ni Bàbá wí, inú rẹ̀ dùn. "Láti kékeré ni ojú ti máa ń tì í."

Obìnrin kan nísàlẹ̀ pèpéle na ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Bàbá, bí ti Dókítà bá kù, ẹ fi kan ọmọ mi náà lẹ́nu, kó jogún orí rẹ̀." Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ìka sí ọmọ náà. Ọmọ la ẹnu bí ẹyẹ.

Rẹ̀mílẹ́kún ju ife sílẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

Gbogbo ìlú rí i. Ọmọ di ọwọ́ bàbá mú ní gbangba bí ẹni mú olè, oyin kán sára aṣọ funfun rẹ̀, ife fọ́ sílẹ̀, kò sì tú ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ má fún un," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un."

"Rẹ̀mílẹ́kún?"

"Ìdánwò mi ti bàjẹ́." Bàbá rẹ̀ ló ń wò, ṣùgbọ́n ó pariwo kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Oró adágún wà nínú oyin tí mo fi ń bẹ àwọn òkété. Mo fún èyí tó mu adágún, mo fún èyí tí kò mu ún, ìdí tí mo fi rí wọn bákan náà nìyẹn, tí mo sì ní omi kò ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tí omi yìí ń ṣe. Mi ò lè ní kí ẹ mu ún. Ẹ má sì fi oyin yìí kan ẹnu ọmọ kankan mọ́."

Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Oyin ta ni?"

Ó mọ̀, gbogbo wọn mọ̀. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni.

"Oyin mi ni," ni Bàbá Akínlàbí dáhùn. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì nu ìka náà mọ́ agbádá ara rẹ̀, sókè sódò, ó nù ún títí.

Ìyá ọmọ náà ti gbé ọmọ rẹ̀ mọ́yà. "Ó ti ń lá a tipẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ẹ̀yin lẹ bùn wá nígbà ìkómọ, Bàbá."

Kò sí ẹni tó bú Rẹ̀mílẹ́kún. Ládẹ̀jọbí fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó ní ibodè kò ní ṣí, ó ní kí ẹni tó ní ọmọ tó ti lá oyin gbé e wá sílé ìwòsàn. Àwọn ènìyàn gbé kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n ń lọ sílé. Ariwo kẹ́ẹ̀gì òfìfo ló ń dún lọ lójú ọ̀nà. Ì bá sàn fún un kí wọ́n sọ òkò.

Nígbà tó ku òun àti bàbá rẹ̀ lórí pèpéle, Bàbá jókòó padà sórí àga rẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Àárọ̀ yìí ni. Lẹ́yìn tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ mi."

"O wá kúnlẹ̀ kí mi níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo gbá ọ léjìká." Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí eékún. "Ṣé o ò lè sọ ọ́ sí mi létí ni? Màá bá ọ sọ ọ́. Èmi fúnra mi ni ǹ bá dìde sọ ọ́ fún wọn."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó fẹ́ mu omi náà. Ká ní ọmọ ọwọ́ yẹn kò la ẹnu ni, yóò mu ún, yóò ní rárá, yóò sì lọ sílé lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀. Bàbá kò bi í ní ìyẹn. Ó dìde.

"Jẹ́ n lọ dí ẹnu ilé oyin náà kí àwọn ọmọdé tó débẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń wá lá afárá."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Rárá. O ní àwọn kan tí o máa lọ bẹ̀."

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà tó dé ilé ìdánwò. Ṣùbúọlá ti gbé abọ́ oyin kúrò, ó ti nu tábìlì, ó sì ti so ọ̀pá afẹ́fẹ́ oorun àìjí mọ́ àwọn àgò. Ó kù kí ẹni tó ṣe ìdánwò gbọ́ ẹjọ́ wọn nígbà ìkẹyìn. Rẹ̀mílẹ́kún fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó bọ́ aṣọ tí oyin kán sí, ó tún ọwọ́ fọ̀. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú Àwẹ̀ró.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ni Agbẹnusọ wí. "Mi ò gbọ́ òórùn ọmọ mi. Òǹgbẹ kò gbẹ mí."

Ìka rẹ̀ ti wọ ojú ihò kó tó rántí pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Bó ti mọ́ ọn lára láràárọ̀ ni. Ó fẹ́ fà á padà, ojú tún tì í láti fa ọwọ́ òfìfo sẹ́yìn lójú ẹni tó fẹ́ kú nítorí rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní. "Ọmọ abìrù funfun lórí. Ọmọ agbẹ́lẹ̀-má-lo-ọkọ́." Ibi tó ti máa ń ní kó má bínú ló ti dúró, kò lè sọ ọ́.

Òkété náà gbé orí sókè. Ó wọ́ ara rẹ̀ wá, ọwọ́ rẹ̀ gbígbọ̀n di ìka náà mú, ó sì lá a láti ìdí dé orí, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe.

"Inú mi dùn," ni Agbẹnusọ wí.

Ṣùbúọlá yíjú láti ìdí ọ̀pá afẹ́fẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún fún un lóyin ni?"

"Rárá."

"Kí wá ló ń lá?"

Rẹ̀mílẹ́kún ń ronú pé kò sí ọjọ́ kan rí tí òun na ọwọ́ sí i láìfi oyin sí i, pé kò sí ẹ̀rọ tàbí ènìyàn tó sọ pé oyin ló ń dùn mọ́ ọn. Òun nìkan ló nílò oyin. Àwẹ̀ró ti lá ìka náà tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

"Inú mi dùn," ni ohùn jẹ́jẹ́ náà tún wí, Rẹ̀mílẹ́kún sì fi ọwọ́ kejì bo ojú.